Ẹ Fi Kábúrétọ̀ Sílẹ̀ Ná: Bí A Ṣe Ń Wá Ohun Tó Ń Ṣe Ẹ́ńjìnì Ìjàpá

Volkswagen Ìjàpá ń sín bí ẹ bá tẹ tọ́rọ́tù, tàbí kó máa kú mọ́ yín lọ́wọ́ ní gbogbo oríta. Mẹkáníìkì tú kábúrétọ̀ (ẹ̀rọ tó ń po epo mọ́ atẹ́gùn), ó fi bẹntiróòlù fọ̀ ọ́, ó fẹ́ atẹ́gùn sí àwọn ihò rẹ̀, ó yí sikúrù méjì, ara ọkọ̀ sì yá fún ọjọ́ mélòó kan. Ó tún padà sí bó ṣe wà. Ẹ lọ ra kábúrétọ̀ mìíràn ní Ládípò: owó lọ, àìsàn kò lọ. Ibi tí ọ̀pọ̀ wa ti ń ṣìnà nìyẹn. Ibi tó yẹ ká parí sí la fi ń bẹ̀rẹ̀.

Bó ṣe yẹ kó tẹ̀ léra nìyí: tápẹ́ẹ̀tì (àyè orí fáàfù), kọmpírẹ́ṣàn (bí písítìn ṣe ń tẹ atẹ́gùn pọ̀ nínú sìlíńdà), iná pulọ́ọ̀gì, táímìǹgì (àkókò tí iná ń fò), kó tó wá kan epo. Tápẹ́ẹ̀tì tó bá fún jù ń jẹ́ kí ìmí sá kúrò nínú sìlíńdà. Kọ́ńtáàtì ni irin kékeré tó ń ṣí tó ń pa dé nínú dístríbútọ̀, ẹ̀rọ tó ń pín iná fún pulọ́ọ̀gì. Àlàfo kọ́ńtáàtì tó bá yí, táímìǹgì yóò bá a yí. Táímìǹgì tó bá yí, ẹ́ńjìnì kò ní lè dá dúró tí ẹ bá gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ́rọ́tù. Ẹni tó bá wá ń yí sikúrù kábúrétọ̀ lórí gbogbo èyí, ṣe ló ń bo àìsàn mọ́lẹ̀.

Ẹ́ńjìnì oníkábúrétọ̀ kan, láti 1200 cc dé 1600 cc, ni mò ń bá wí. Àwọn Ìjàpá Mexico ti ìgbẹ̀yìn tí kọ̀ǹpútà ń pín epo fún, ọ̀rọ̀ tiwọn yàtọ̀.

Ohun tí ẹ ó kó sílẹ̀

- Sípánà nọ́ńbà 13 fún nọ́ọ̀tì tápẹ́ẹ̀tì, nọ́ńbà 21 fún nọ́ọ̀tì púlì jẹnẹrétọ̀ (òun lẹ ó máa fi yí ẹ́ńjìnì), sọ́kẹ́ẹ̀tì pulọ́ọ̀gì, sikirudíráfà pẹlẹbẹ ńlá kan àti kékeré kan.
- Fíílà gééjì tó ní 0.15 mm àti 0.40 mm.
- Tẹ́sítà onígílóòbù. Ẹ wo bátìrì lábẹ́ àga ẹ̀yìn ná: ọ̀pọ̀ Ìjàpá tó ṣáájú 1967 ló jẹ́ ti 6V.
- Gééjì kọmpírẹ́ṣàn àti láìtì táímìǹgì. Ẹ lè yá méjèèjì.
- Píláyà ọlọ́wọ́ rọ́bà, ìgò tó mọ́ gaara, àkísà, ẹfun tàbí ọ̀dà funfun díẹ̀.
- Irin méjì tí wọ́n fi ń gbé ọkọ̀ dúró. Jáàkì nìkan kò tó fún ẹni tó fẹ́ wọ abẹ́ ọkọ̀.
- Ẹ̀rọ ìpaná oníyẹ̀ẹ̀fun. Kò sí ẹni tó mọ Ìjàpá tí kò tíì rí ọ̀kan tó jóná láti ẹ̀yìn.

Ẹ tún nílò láti mọ orúkọ sìlíńdà mẹ́rin náà. Ẹ dúró sí ẹ̀yìn ọkọ̀ kí ẹ kọjú sí iwájú. Nọ́ńbà 1 wà lọ́wọ́ ọ̀tún, níbi tó jìnnà sí yín. Nọ́ńbà 2 wà lọ́wọ́ ọ̀tún, nítòsí yín. Nọ́ńbà 3 wà lọ́wọ́ òsì lọ́ọ̀ọ́kán, nọ́ńbà 4 lọ́wọ́ òsì nítòsí. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí èèyàn pe ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí i ní iwájú ẹ́ńjìnì. Iwájú ọkọ̀ ni iwájú ẹ́ńjìnì. Ìtẹ̀léra iná rẹ̀ sì ni 1-4-3-2.

Ìpele 1: Ìgbà wo ló ń ṣe é?

Kí ẹ tó mú sípánà rárá, ẹ wa ọkọ̀ náà, tó bá ṣì ṣeé wà, kí ẹ sì kọ ohun tó ṣe sínú ìwé. Ìdáhùn sí ìbéèrè yìí ń dín iṣẹ́ kù ju irinṣẹ́ èyíkéyìí lọ.

Bó bá kú lójijì láìṣe kìtìkìtì, iná ni kí ẹ fura sí. Bó bá ń fà, tó ń já, tó tún gbé díẹ̀ kó tó kú, epo ni. Bó bá ń sáré dáadáa lójú títì àmọ́ tí kì í dúró nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, ẹ ronú nípa ihò epo kékeré tó ń bọ́ ọ nígbà tí ẹ kò bá tẹ tọ́rọ́tù, tàbí atẹ́gùn tó ń gba ọ̀nà ẹ̀bùrú wọlé. Bó bá ń sín kìkì nígbà tí ẹ bá tẹ tọ́rọ́tù lójijì, ó lè jẹ́ táímìǹgì tàbí pọ́ǹpù kékeré inú kábúrétọ̀. Bó bá jẹ́ pé ìgbà tó bá gbóná nìkan ló ń ṣe é, kọ́ìlì (tó ń sọ iná bátìrì di iná ńlá fún pulọ́ọ̀gì), kóńdẹ́ńsà (tí kì í jẹ́ kí kọ́ńtáàtì jó) àti fáàfù tó fún jù ni ẹ ó kọ́kọ́ wádìí.

Ohun mẹ́ta wà tí kò yẹ kí ẹ wa ọkọ̀ pẹ̀lú rẹ̀ láti lọ wádìí ohunkóhun:

Iná jẹnẹrétọ̀ tó tàn lójú ọ̀nà. Nínú Ìjàpá, orí irin kan náà ni jẹnẹrétọ̀ àti fáànù tó ń tu ẹ́ńjìnì lára wà, bẹ́líìtì kan ló sì ń yí méjèèjì. Bí bẹ́líìtì bá já, kò sí atẹ́gùn mọ́. Awakọ̀ tó bá rò pé bátìrì lásán ni iná náà ń sọ, tó sì ní òun á délé kí òun tó wò ó, ẹ́ńjìnì lè nọ́ọ̀kì mọ́ ọn lọ́wọ́ kó tó délé.

Iná ọ́ìlì tó tàn nígbà tí ọkọ̀ ń sáré. Ẹ pa á lójú ẹsẹ̀.

Òórùn bẹntiróòlù nínú ọkọ̀, tàbí lára irin tí ẹ fi ń wo ọ́ìlì. Awọ inú pọ́ǹpù epo tó bá ya lè máa da bẹntiróòlù sínú ọ́ìlì. Ẹ má ta ẹ́ńjìnì bẹ́ẹ̀. Ẹ pààrọ̀ pọ́ǹpù àti ọ́ìlì.

Ìpele 2: Ojú àti ọwọ́

Ẹ́ńjìnì wà ní pípa. Ẹ ṣí ìdérí ẹ̀yìn.

Ẹ fọwọ́ tẹ gbogbo rọ́bà epo láti pọ́ǹpù dé kábúrétọ̀, àti èyí tó ti abẹ́ ọkọ̀ wá. Èyí tó bá ti le gan-an tàbí tó ní ìlà wẹ́wẹ́ lára, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ kí ẹ tó tẹ̀ síwájú. Lẹ́yìn náà, ẹ di ọ̀pá idẹ kékeré tí epo ń gbà wọ orí kábúrétọ̀ mú kí ẹ gbìyànjú láti mì í. Ṣe ni wọ́n kàn tì í wọnú ihò rẹ̀. Bó bá ti ń mì, ọjọ́ kan yóò yọ lójú ọ̀nà, epo yóò sì máa tú sórí dístríbútọ̀.

Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ bẹ́líìtì láàárín púlì méjèèjì. Kó rọ̀ wọlé ní nǹkan bíi 15 mm.

Ẹ wo ọ́ìlì lórí ilẹ̀ títẹ́jú. Ẹ́ńjìnì yìí kò gbà ju nǹkan bíi lítà 2.5 lọ, nítorí náà díẹ̀ tó bá dín, púpọ̀ ló dín. Àmọ́ ẹ má kún un kọjá ìlà òkè.

Ẹ di púlì ńlá ìsàlẹ̀ mú ṣinṣin pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, kí ẹ tì í síwájú, kí ẹ fà á sẹ́yìn. Irin inú ẹ́ńjìnì ní àyè díẹ̀ tó fi ń rìn síwá sẹ́yìn, kò yẹ kó ju 0.15 mm lọ, ìyẹn ni pé ẹ kò ní fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ̀ ọ́n lára. Bí ẹ bá gbọ́ kó, kó, bẹ́ẹ̀ ni púlì ń wọlé jáde lójú yín, ẹ dá iṣẹ́ dúró. Bíárín inú rẹ̀ ti jẹ, títú palẹ̀ ló kù. Kí ẹ má náwó sórí pulọ́ọ̀gì àti kábúrétọ̀ fún irú ẹ́ńjìnì bẹ́ẹ̀.

*Bí ẹ ṣe máa mọ̀ pé ìpele yìí ti parí:* kò sí òórùn epo, kò sí rọ́bà tó gbẹ, bẹ́líìtì rọ̀ bó ṣe yẹ, púlì kò lu ohunkóhun.

Ìpele 3: Tápẹ́ẹ̀tì

Ibí ni mo ti fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ jù. Ẹ́ńjìnì gbọ́dọ̀ tutù pátápátá. Kó sùn mọ́jú. Irin rẹ̀ ń gbòòrò bó bá gbóná, nọ́ńbà tí ẹ bá sì wọ̀n lára ẹ́ńjìnì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ọjà, irọ́ ni.

Ẹ ṣí ìdérí dístríbútọ̀. Ẹ fi sípánà 21 yí nọ́ọ̀tì jẹnẹrétọ̀ lọ sọ́wọ́ ọ̀tún títí ìka rótọ̀ (ohun tó ń yí lábẹ́ ìdérí náà) yóò fi kọjú sí ìlà kékeré tó wà létí dístríbútọ̀, tí àmì ara púlì ìsàlẹ̀ yóò sì bọ́ sójú ibi tí ara ẹ́ńjìnì ti pín sí méjì. Písítìn sìlíńdà 1 ló wà lókè yẹn. Ẹ fi sikirudíráfà ńlá ti wáyà tó di ìdérí tápẹ́ẹ̀tì mú sísàlẹ̀ kí ó ṣí. Ọ́ìlì díẹ̀ yóò kán, ẹ fi nǹkan gbè é.

Fáàfù mẹ́rin lẹ ó rí ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Àwọn méjì tó wà lópin jẹ́ ti èéfín, àwọn méjì àárín jẹ́ ti epo. Ẹ mi apá méjèèjì ti sìlíńdà 1: méjèèjì gbọ́dọ̀ ní àyè díẹ̀. Bí ọ̀kan bá le gbagidi, ó lè jẹ́ pé ẹ́ńjìnì wà ní òdìkejì. Ẹ yí púlì ní odindi ìyípo kan kí ẹ tún wo rótọ̀. Fíílà 0.15 mm yẹ kó wọlé, kó sì máa fà díẹ̀ lọ́wọ́ yín bí ẹ bá ń yọ ọ́. Fún fáàfù epo àti ti èéfín, nọ́ńbà kan náà ni lára ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnì 1300 sí 1600. Ìwé ọkọ̀ àwọn tó dàgbà jù lè sọ 0.10 mm.

Kí ẹ tó tú nọ́ọ̀tì kankan, ẹ kọ iye tí ẹ bá sílẹ̀. Ohun tí wọ́n kì í ṣe nìyí, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ni àyẹ̀wò. Títún un ṣe lásán kò sọ nǹkan kan fún yín.

Bí ẹ bá parí sìlíńdà 1, ẹ yí ẹ́ńjìnì *padà sẹ́yìn*, sọ́wọ́ òsì, ní ìdajì ìyípo púlì ńlá. Ẹ bọ́ sí sìlíńdà 2. Ìdajì sí i, 3. Ìdajì sí i, 4. Títẹ̀ lé e báyìí kò gba ìrántí kankan: 1, 2, 3, 4.

Ẹ wá ka ohun tí ẹ kọ. Fáàfù tí àyè rẹ̀ pọ̀ ju 0.15 lọ ń pariwo, ó sì ń gba agbára díẹ̀ lọ́wọ́ ẹ́ńjìnì, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí tí kò ní àyè rárá ló yẹ kó já yín láyà. Kò lè pa ẹnu dé dáadáa, iná ń fẹ́ gba ẹnu rẹ̀ kọjá, á jó. Bí ẹ bá tún un ṣe, tí ẹ padà wò ó lẹ́yìn 500 km tí ẹ tún bá a pé ó ti fún, fáàfù náà ń nà tàbí ìjókòó rẹ̀ ń rì. Orí fáàfù bẹ́ẹ̀ lè já sínú sìlíńdà lọ́jọ́ kan, á sì fọ́ písítìn. Fáàfù èéfín sìlíńdà 3 ni èyí máa ń ṣẹlẹ̀ sí jù, pàápàá lára ẹ́ńjìnì tó ṣáájú 1971, tí ẹ̀rọ tó ń tu ọ́ìlì lára dí ọ̀nà atẹ́gùn tó ń lọ síbẹ̀.

Àwọn mẹkáníìkì kan ń fún tápẹ́ẹ̀tì mọ́lẹ̀ kí ariwo lè dákẹ́ kí oníbàárà lè dúpẹ́. Ariwo ṣẹ́ṣẹ́ kékeré tó dọ́gba, kí ẹ fẹ́ ẹ. Ìjàpá tó dákẹ́ rọ́rọ́ ni kí ẹ ṣí wò.

*Àyẹ̀wò:* ẹ yí púlì ńlá ní ìyípo méjì kí ẹ tún wọn sìlíńdà 1. Bí ó bá ti yí, nọ́ọ̀tì ló bá yín yí nígbà tí ẹ ń dè é. Ẹ fi gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun dé e. Ẹ ta ẹ́ńjìnì fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹ wo abẹ́ ìdérí méjèèjì bóyá ọ́ìlì ń jò.

Ìpele 4: Kọmpírẹ́ṣàn

Ẹ mú ẹ́ńjìnì gbóná, ẹ yọ pulọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ yọ wáyà kékeré tó ń gbé iná wọ kọ́ìlì. Kí ẹnì kan tẹ tọ́rọ́tù dé ilẹ̀, kó sì fi sítátà yí ẹ́ńjìnì títí ọwọ́ gééjì kò fi gòkè mọ́. Ẹ́ńjìnì tó dára máa ń fún yín ní nǹkan bíi 100 sí 130 psi. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ láàárín àwọn mẹ́rin ṣe pàtàkì ju iye fúnra rẹ̀ lọ. Mẹ́ta ní 110, ọ̀kan ní 70: ẹ ti rí àìsàn náà, kábúrétọ̀ kò sì mọ nǹkan kan nípa rẹ̀.

Fún ẹ́ńjìnì míì, wọ́n á ní kí ẹ da ọ́ìlì ṣíbí kan sínú sìlíńdà: bí gééjì bá gòkè, ríǹgì písítìn ni, bí kò bá gòkè, fáàfù ni. Ẹ má gbára lé e níhìn-ín. Sìlíńdà Ìjàpá sùn sílẹ̀ gbalaja, ọ́ìlì á kó jọ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Èyí tó dára jù ni kí ẹ wá ẹni tó ní ẹnu tí wọ́n fi ń so kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ fọkanáísà mọ́ ihò pulọ́ọ̀gì. Ẹ gbé písítìn sìlíńdà náà dé òkè pátápátá, ẹ ti jíà bọ ọkọ̀, kí ẹ́ńjìnì má bàa yí, ẹ fẹ́ atẹ́gùn sí i, ẹ wá gbọ́. Bí atẹ́gùn bá ń dún nínú sàlẹ́ńsà, fáàfù èéfín ni. Bó bá ń dún lẹ́nu kábúrétọ̀, fáàfù epo. Bó bá jẹ́ níbi tí ẹ ti ń da ọ́ìlì, ríǹgì.

Nígbà tí ẹ bá ń dá pulọ́ọ̀gì padà, ọwọ́ lásán ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Irin rírọ̀ ni orí ẹ́ńjìnì, sọ́kẹ́ẹ̀tì tó bá wọ́ ọ ní ẹ̀gbẹ́ yóò ba ojú sikúrù rẹ̀ jẹ́. Ẹ lè fi rọ́bà epo kékeré di orí pulọ́ọ̀gì mú kí ẹ fi yí i wọlé. Bó bá wọ́, rọ́bà á yọ̀ kó tó ba nǹkan jẹ́.

Ìpele 5: Iná

Kọ́kọ́ wá sìlíńdà tí kò ṣiṣẹ́. Ẹ ta ẹ́ńjìnì nígbà tó tutù, kó ṣiṣẹ́ fún nǹkan bí ààbọ̀ ìṣẹ́jú, ẹ pa á, ẹ kán omi díẹ̀ sára páìpù èéfín sìlíńdà kọ̀ọ̀kan, nítòsí orí ẹ́ńjìnì. Ibi tí omi kò bá ti hó, ibẹ̀ ni kò jóná. Bí ẹ bá fẹ́ fi wáyà pulọ́ọ̀gì yíyọ dán an wò, píláyà ọlọ́wọ́ rọ́bà ni kí ẹ lò.

Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ̀ lé iná láti orísun rẹ̀:

Ẹ yí kọ́kọ́rọ́, ẹ fi tẹ́sítà kan ẹsẹ̀ kọ́ìlì tí nọ́ńbà 15 wà lára rẹ̀. Kò tàn? Wáyà tàbí ibi kọ́kọ́rọ́ ni, ẹ ké sí riwáyà. Ó tàn? Ẹ yọ wáyà ńlá àárín kúrò lórí dístríbútọ̀, ẹ fi píláyà gbé e ní nǹkan bíi 6 mm sí irin ẹ́ńjìnì, kí ẹnì kan fi sítátà yí i. Ẹ rí i dájú ná pé kò sí epo tó ń jò níbẹ̀. Iná tó yẹ kó fò jẹ́ búlúù, ó sì máa ń ta pá. Èyí tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú kò lágbára.

Bí iná bá rọ, ẹ wo kọ́ńtáàtì. Nígbà tó bá ṣí jù lórí igun irin dístríbútọ̀, àlàfo rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ 0.40 mm. Kọ́ńtáàtì tí apá kan rẹ̀ ti jẹ ihò tí apá kejì sì ti hu kókó ń fẹjọ́ kóńdẹ́ńsà sùn. Ẹ pààrọ̀ méjèèjì, ṣùgbọ́n ẹ pa kóńdẹ́ńsà àtijọ́ mọ́ sínú ọkọ̀. Ayédèrú pọ̀ nínú ọjà débi pé tuntun inú páálí lè burú ju èyí tí ẹ yọ lọ. Bí ọkọ̀ bá burú sí i lẹ́yìn tí ẹ pààrọ̀, èyí tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ rà ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí.

Ẹ di irin tí rótọ̀ jókòó lé mú, ẹ mì í sọ́tùn-ún sósì. Bó bá ń jó nínú ihò rẹ̀, àlàfo kọ́ńtáàtì kò ní dúró sójú kan láé, táímìǹgì á máa rìn kiri, ẹ ó sì máa dá kábúrétọ̀ lẹ́bi títí ayé.

Ẹ fa rọ́bà tó ti kábúrétọ̀ wá sí ẹ̀gbẹ́ dístríbútọ̀ pẹ̀lú ẹnu yín, níbi tó bá wà. Pẹpẹ inú dístríbútọ̀ gbọ́dọ̀ sún, kó sì dúró síbẹ̀ níwọ̀n ìgbà tí ẹ bá fi ahọ́n dí i. Bí atẹ́gùn bá kàn ń kọjá, awọ inú rẹ̀ ti ya. Ìdí tí ọkọ̀ fi ń fà sẹ́yìn nígbà tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ tọ́rọ́tù nìyẹn. Dístríbútọ̀ 009 tí ọ̀pọ̀ èèyàn fi pààrọ̀ ti ilé iṣẹ́ kò ní rọ́bà yìí rárá, fífà sẹ́yìn díẹ̀ sì wà nínú ìwà rẹ̀.

Ní alẹ́, ẹ ṣí ìdérí ẹ̀yìn nínú òkùnkùn nígbà tí ẹ́ńjìnì ń ṣiṣẹ́. Bí iná wẹ́wẹ́ bá ń fò lára wáyà tàbí ìdérí dístríbútọ̀, ibẹ̀ ti sán.

Ẹ má fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ ní ṣíṣí láìta ẹ́ńjìnì fún ìgbà pípẹ́. Kọ́ìlì á gbóná, kọ́ńtáàtì á jó. Ẹni tó ti fi ẹ̀rọ oníná rọ́pò kọ́ńtáàtì, owó rẹ̀ ló jóná yẹn.

*Àyẹ̀wò:* iná búlúù láti kọ́ìlì, iná láti orí wáyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, omi sì ń hó lórí páìpù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Ìpele 6: Táímìǹgì

Àmì ilé iṣẹ́ yàtọ̀ láti ọdún dé ọdún, àwọn púlì kan ní ìlà kan, àwọn míì ní mẹ́ta, dístríbútọ̀ tó wà lórí ọkọ̀ yín sì lè máà jẹ́ ti ọdún ọkọ̀ náà. Mo fẹ́ràn ọ̀nà yìí ju wíwá ìlà kiri lọ. Ẹ fi ọ̀pá oníke rírọ̀ gígùn, irú èyí tí wọ́n fi ń fa ohun mímu, sínú ihò pulọ́ọ̀gì sìlíńdà 1 láti mọ ibi tí písítìn ti dé òkè, ẹ sàmì sí púlì níbẹ̀. Ẹ fi okùn wọn àyíká púlì, ẹ ká okùn náà sí ọ̀nà 12. Ìdá kan jẹ́ 30°. Ẹ wọ̀n ọ́n sí *ọwọ́ ọ̀tún* àmì àkọ́kọ́, ẹ fi ọ̀dà funfun fà á.

Ẹ yọ rọ́bà dístríbútọ̀, ẹ dí ẹnu rẹ̀. Ẹ so láìtì mọ́ wáyà sìlíńdà 1, ẹ mú ẹ́ńjìnì sáré díẹ̀ ju ìyípo 3,000 lọ ní ìṣẹ́jú kan. Àmì funfun náà yẹ kó dúró sí ojú ibi tí ara ẹ́ńjìnì ti pín, láàárín 28° sí 32°. Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹ tú nọ́ọ̀tì tó di dístríbútọ̀ mú, ẹ yí i díẹ̀díẹ̀. Bí àmì bá ń fò síhìn-ín sọ́hùn-ún, ẹ padà sí irin dístríbútọ̀ tó ń jó.

Ẹ má gbọ́ ti ẹni tó ní kí ẹ máa yí i síwájú títí tí ẹ ó fi gbọ́ kí ẹ́ńjìnì máa lu, kí ẹ wá dín in díẹ̀. Ariwo fáànù Ìjàpá pọ̀ tó láti bo lílù náà mọ́lẹ̀. Písítìn á ti bàjẹ́ kí etí tó gbọ́.

Ìpele 7: Epo, níkẹyìn

Ẹ pa ẹ́ńjìnì. Ẹ yọ ẹ̀rọ ìsẹ́ atẹ́gùn, ẹ wo ọ̀fun kábúrétọ̀, ẹ fi ọwọ́ fa tọ́rọ́tù. Epo gbọ́dọ̀ tú jáde lójú yín bí ìlà tín-ínrín kan. Bó bá tú, epo ń dé inú kábúrétọ̀. Bí kò bá tú, ẹ yọ rọ́bà kúrò lórí ọ̀pá idẹ, ẹ ti ẹnu rẹ̀ bọ ìgò, ẹ yọ wáyà kọ́ìlì kí iná má bàa fò, kí ẹnì kan fi sítátà yí i díẹ̀. Epo yẹ kó máa jáde ní ìsúnsún. Ẹ jẹ́ kí ìgò náà jókòó fún wákàtí kan: omi á wà ní ìsàlẹ̀, ìdọ̀tí á rì. Ẹni tó bá ń ra epo inú jálá lásìkò ọ̀wọ́n epo kó má yà á lẹ́nu.

Ọkọ̀ tó ń kú lẹ́yìn ìrìn díẹ̀, tó sì tún ń ta bó bá sinmi, ẹ ṣí ìdérí táńkì níwájú kí ẹ gbọ́ bóyá atẹ́gùn á fà wọlé. Bó bá fà, ibi tí táńkì ti ń mí ló dí.

Ọkọ̀ tí kì í dúró láìtẹ tọ́rọ́tù: wáyà kékeré kan wọ ẹ̀rọ kan lára kábúrétọ̀ tó máa ń dí epo nígbà tí ẹ bá pa ọkọ̀. Ẹ yí kọ́kọ́rọ́, ẹ yọ wáyà náà kí ẹ tún fi kàn án. Kó dún *kẹ́*. Bí kò bá dún, ẹ ti rí i. Bó bá dún, ẹ yọ jẹ́ẹ̀tì kékeré tó wà lábẹ́ rẹ̀ tàbí nítòsí rẹ̀, ẹ fẹ́ atẹ́gùn sí i. Ẹ má fi wáyà gún un, ihò rẹ̀ á fẹ̀.

Atẹ́gùn ẹ̀bùrú ló kù. Ẹ́ńjìnì ń ṣiṣẹ́, ẹ wọ́n omi kẹ́ẹ́kẹ̀ẹ́ láti inú ìgò oníwọ́n sí ibi tí páìpù epo ti pàdé orí ẹ́ńjìnì, sí àwọn rọ́bà ìsopọ̀ rẹ̀, àti sí abẹ́ kábúrétọ̀. Ẹ jìnnà sí dístríbútọ̀. Ibi tí ìdún ẹ́ńjìnì bá ti yí padà ló ń jò. Àwọn kan ń lo oògùn fífín tí wọ́n fi ń fọ kábúrétọ̀. Ó ń ṣiṣẹ́ ju omi lọ, ó sì ń gbiná. Lórí ẹ́ńjìnì tó gbóná, èmi ò ní ṣe é.

Ẹ̀yìn gbogbo èyí ni ẹ lè fọwọ́ kan sikúrù kábúrétọ̀. Lára àwọn kábúrétọ̀ 30 PICT-3 àti 34 PICT-3, ẹ fi sikúrù tó ń ti apá tọ́rọ́tù sílẹ̀. Sikúrù méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lẹ ó lò: ńlá fún eré, kékeré fún epo. Ẹ ti kékeré wọlé pẹ̀lẹ́ títí yóò fi kan ìsàlẹ̀, ẹ tú u padà ní ìyípo méjì ààbọ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀.

Bó bá jẹ́ gbígbóná ni ẹjọ́ rẹ̀

Ẹ kọ́kọ́ ka páànù dúdú tó bo ẹ́ńjìnì. Ibi tí mẹkáníìkì ti yọ ọ̀kan kúrò nítorí pé "ó ń dí òun lọ́wọ́", atẹ́gùn fáànù ń gba ibẹ̀ sá lọ láìtu sìlíńdà lára. Rọ́bà tó yí ẹ́ńjìnì ká gbọ́dọ̀ pé, òun ni kì í jẹ́ kí ooru ìsàlẹ̀ padà sókè wọ fáànù. Fífi igi gbé ìdérí ẹ̀yìn sókè kò wo àìsàn páànù tó sọnù. Lẹ́yìn èyí, ẹ wo ẹ̀yìn fáànù fún àkísà tàbí ewé, kí ẹ sì tún táímìǹgì wò.

Bó bá gbóná tí sítátà kò dún rárá

Ọ̀tọ̀ ni èyí, ẹ́ńjìnì kò mọ̀ sí i. Ẹ wo bẹ́líìtì irin tó so jíà mọ́ ara ọkọ̀ ná, torí orí rọ́bà ni ẹ́ńjìnì àti jíà jókòó sí. Láìsí i, iná kò rí ọ̀nà padà. Bí ìyẹn bá dára, ẹ fi ọkọ̀ sí nútírà, ẹ fa bíréèkì ọwọ́, ẹ fi sikirudíráfà so ẹsẹ̀ 30 àti 50 lórí sítátà pọ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá kan. Bó bá yí, sítátà kò ní ìṣòro: iná tó ti iwájú wá láti ibi kọ́kọ́rọ́ ti rẹ̀ kó tó dé ẹ̀yìn. Kí riwáyà fi rílè kan sáàárín.

Àyẹ̀wò ìkẹyìn

Ẹ wa ọkọ̀ náà fún nǹkan bíi 20 km, kí ó gun òkè díẹ̀ nínú rẹ̀. Ẹ pa á lójú eré láìjẹ́ kó dúró ṣiṣẹ́ lórí ìdúró, ẹ jẹ́ kó tutù, ẹ yọ pulọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ tò wọ́n bí nọ́ńbà wọn ṣe tẹ̀ léra. Àwọ̀ ilẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ tó dọ́gba lẹ ń wá. Dúdú bí ẹ̀fín tó gbẹ: epo pọ̀ jù, tàbí ṣọ́ọ̀kì kò ṣí tán. Dúdú tó ń dán tó sì tutù: ọ́ìlì ń gòkè, ẹ padà sí ìpele 4. Funfun ráúráú: epo kò tó tàbí atẹ́gùn ń wọlé lẹ́bùrú, ẹ má sì wa ọkọ̀ náà jìnnà bẹ́ẹ̀. Bí ọ̀kan ṣoṣo bá yàtọ̀ sí mẹ́ta yòókù, kábúrétọ̀ kọ́, torí kábúrétọ̀ kan náà ló ń bọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹ mú ìwé tí ẹ kọ tápẹ́ẹ̀tì sí, kí ẹ wo ohun tí ẹ kọ síwájú nọ́ńbà sìlíńdà yẹn.